Bí A Ṣe Ń Ya Àtẹ Ìdílé Fujiwara ti Ilẹ̀ Japan, Láti Ìgbà Tí Wọ́n Gòkè Dé Ìgbà Tí Agbára Bọ́ Lọ́wọ́ Wọn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìdílé Fujiwara ṣe di alágbára láàfin Japan kò ní rí i nínú irú àtẹ ìran tí wọ́n sábà máa ń yà, èyí tó ń ti ọ̀dọ̀ bàbá bọ́ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin. Irú àtẹ bẹ́ẹ̀ á kàn sọ fún yín pé Yoshifusa gbé oyè fún Mototsune, Mototsune gbé e fún Tokihira àti Tadahira, títí lọ. Ohun tó gbé wọn débẹ̀ kò sí lórí rẹ̀. Fujiwara kò jọba rí. Ìyá ọba ni wọ́n ń bí. Ọmọbìnrin wọn á wọ ààfin, á bí ọmọkùnrin, ọmọ náà á gorí oyè láti kékeré, bàbá ìyá rẹ̀ á sì máa bá a ṣèjọba. Nítorí náà, àwọn ọmọbìnrin ni àtẹ yìí máa tẹ̀ lé, ibi tí wọ́n bá sì ti já ni ẹ ó ti rí i kedere pé agbára já.

Ohun tí ẹ máa lò

Káádíbọ́ọ̀dù funfun kan, rúlà, pẹ́ńsùlù, bírò dúdú àti bírò pupa. Ẹ gbé káádíbọ́ọ̀dù náà sí òòró. Ẹ fi bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì sílẹ̀ lókè fún àwọn baba ńlá, kí ẹ sì fi ìwọ̀n kan náà sílẹ̀ nísàlẹ̀. Àárín tó kù ni iṣẹ́ gan-an wà. Ẹ pín in sí òpó márùn-ún àti ìlà mọ́kàndínlógún, torí pé ọba mọ́kàndínlógún ló wà láti orí Seiwa, tó gorí oyè lọ́dún 858, dé orí Toba, tó gbé adé sílẹ̀ lọ́dún 1123. Òpó kìíní fún orúkọ ọba, ìkejì fún ọdún tó fi wà lórí oyè, ìkẹta fún ìyá rẹ̀, ìkẹrin fún bàbá ìyá rẹ̀, ìkarùn-ún fún adelé.

Oyè mẹ́ta ni ẹ ó máa bá pàdé nínú òpó karùn-ún. Sessho ni adelé tó ń ṣèjọba fún ọba tó ṣì jẹ́ ọmọdé. Kampaku ni ẹni tí ìwé ìjọba máa ń kọ́kọ́ gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ ọba tó ti dàgbà. Nairan ni àṣẹ láti ka ìwé ṣáájú ọba. Ó kéré sí kampaku lórúkọ, àmọ́ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnì kan lè jẹ́ sessho títí ọba á fi bàlágà, kó sì di kampaku láìdìde lórí àga.

Òfin bírò pupa rèé. Bí ẹni tó wà nínú òpó kẹrin bá tún wà nínú òpó karùn-ún, ìyẹn ni pé bàbá ìyá ọba ló ń ṣe adelé, ẹ fi ìlà pupa tó dán so wọ́n pọ̀. Bó bá jẹ́ arákùnrin ìyá ọba ni adelé, ẹ fi tótòótó pupa so wọ́n. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ má fà á rárá, kódà bí àwọn méjèèjì bá ń jẹ́ Fujiwara. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe nìyẹn: wọ́n á rí orúkọ Fujiwara lọ́tùn-ún àti lósì, wọ́n á sì gbà pé nǹkan dán mọ́rán.

Apá òkè: láti 645 sí 810

Nakatomi no Kamatari (614 sí 669) ni kí ẹ kọ sókè pátápátá. Ètùtù àwọn òrìṣà ààfin ni iṣẹ́ ìdílé Nakatomi. Lọ́dún 645, òun àti Ọmọọba Naka no Oe dìtẹ̀ mọ́ ìdílé Soga, tí wọ́n ń darí ààfin nígbà náà, wọ́n sì pa Soga no Iruka lójú ọbabìnrin tó wà lórí oyè. Ọmọọba yẹn ló padà jọba tí a mọ̀ sí Tenji. Nígbà tí Kamatari wà lórí àìsàn tó pa á lọ́dún 669, Tenji fún un ní orúkọ tuntun, Fujiwara. Ẹ kọ Soga sí ẹ̀gbẹ́ kan, torí ọmọbìnrin ni àwọn náà fi dé ipò tí wọ́n wà. Kamatari bi ilé wọn wó. Àwọn ọmọ rẹ̀ mú ọ̀nà wọn lò.

Ọmọ rẹ̀, Fuhito (659 sí 720), ló tẹ̀ lé e. Lọ́dún 698, àṣẹ jáde pé ìran Fuhito nìkan ni kó máa jẹ́ Fujiwara, àwọn ìbátan yòókù padà sí Nakatomi. Ẹ fa ìlà dúdú tó nípọn síbẹ̀, kí ẹ má baà kó àwọn Nakatomi mọ́ wọn. Fuhito wà lára àwọn tó ṣe òfin Taiho tó jáde lọ́dún 701. Ọmọ rẹ̀ Miyako fẹ́ Ọba Monmu, ó sì bí Shomu. Nígbà tí Shomu dàgbà, Fuhito tún fi ọmọ mìíràn fún un, Komyo. Ó yẹ kí àwa Yorùbá dúró díẹ̀ níbí, torí ẹni tó bá ń yà á á rò pé òun ti kọ orúkọ síbi tí kò yẹ: Shomu fẹ́ àbúrò ìyá ara rẹ̀. Èèwọ̀ ni lọ́dọ̀ wa, kì í ṣe èèwọ̀ láàfin wọn, ẹ ó sì tún bá irú rẹ̀ pàdé nísàlẹ̀. Ẹ má pa á rẹ́.

Lọ́dún 729, wọ́n fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan Ọmọọba Nagaya, alátakò wọn, ó sì pa ara rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni Komyo di ayaba, ẹni àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ọba tó máa dé ipò náà.

Àwọn ọmọkùnrin Fuhito mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pín ìdílé sí mẹ́rin: Muchimaro ní ilé Gúúsù, Fusasaki ní ilé Àríwá, Umakai ní ilé kẹta tí wọ́n ń pè ní Shikike, Maro ní ilé kẹrin, Kyoke. Ẹ kọ 737 sí iwájú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gẹ́gẹ́ bí ọdún ikú. Kì í ṣe àṣìkọ. Ṣànpọ́nná tó jà lọ́dún yẹn ló kó gbogbo wọn lọ láàárín oṣù díẹ̀. Ilé Gúúsù ṣubú nígbà tí Nakamaro gbé ogun ti ọbabìnrin tó ti gbé adé sílẹ̀ tí wọ́n sì pa á lọ́dún 764. Shikike ṣubú nínú ọ̀tẹ̀ Kusuko lọ́dún 810. Kyoke kò ga púpọ̀ rí. Ilé Àríwá ló ṣẹ́ kù. Fuyutsugu ti ilé yìí, bàbá Yoshifusa, ni ọba yàn lọ́dún 810 yẹn láti jẹ́ olórí àwọn akọ̀wé àṣírí rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ẹ ó ti bọ́ sínú òpó.

Kíkún ìlà mọ́kàndínlógún

Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ òpó kẹta àti ìkẹrin ní àkọ́kọ́. Orúkọ àwọn obìnrin yìí ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀pọ̀ nínú wọn nígbà ayé wọn kò dá ẹnikẹ́ni lójú mọ́, lẹ́tà tí wọ́n fi kọ ọ́ nìkan ló kù; ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹni tí ìwé kan pè ní Shoshi ni òmíràn ń pè ní Akiko. Èyí tó tún burú ni pé obìnrin méjì lè jẹ́ orúkọ tó dún bákan náà. Teishi ọmọ Michitaka wà, Ọmọọba Teishi náà wà. Kenshi méjì wà, Ishi méjì wà. Ẹ kọ orúkọ bàbá mọ́ orúkọ obìnrin kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ á sì yanjú.

Seiwa ni ìlà kìíní (858 sí 876). Ìyá rẹ̀ ni Meishi, bàbá ìyá rẹ̀ Yoshifusa, adelé rẹ̀ Yoshifusa. Ìlà pupa tó dán. Yoshifusa ni ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ́ sessho láìjẹ́ ọmọ ọba. Ó gba oyè náà ní gbangba lọ́dún 866. Nípa ọjọ́ orí, ìwé kan á ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Seiwa nígbà tó jọba, òmíràn á ní mẹ́jọ. Ní Japan àtijọ́, ọdún kan ni ọmọ tuntun jòjòló, á sì fi ọ̀kan kún un nígbàkigbà tí ọdún tuntun bá wọlé. Ẹ mú ọ̀nà ìṣirò kan ṣoṣo, kí ẹ sì dì í mú dé ìsàlẹ̀.

Yozei (876 sí 884): ìyá rẹ̀ Takaiko ọmọ Nagara, adelé Mototsune. Inú ìwé, ọmọ Yoshifusa ni Mototsune, àmọ́ ọmọ àgbàtọ́ ni. Nagara ló bí i. Arákùnrin ìyá ọba ni, nítorí náà tótòótó ni. Mototsune yìí ló yọ Yozei lórí oyè, tó fi Koko (884 sí 887) jọba. Bàbá ìyá Koko ni Fusatsugu, ìyẹn náà sì ni bàbá ìyá Mototsune, àmọ́ òfin wa kò gba ìlà níbẹ̀. Uda (887 sí 897): ọmọọba ni ìyá rẹ̀, òpó kẹrin kò ní Fujiwara rárá. Lábẹ́ Uda ni oyè kampaku ti fìdí múlẹ̀ fún Mototsune, ṣùgbọ́n nígbà tó kú lọ́dún 891, Uda kò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Sugawara no Michizane, ọ̀mọ̀wé tí kì í ṣe Fujiwara, ló gbé ga. Ìlà Daigo (897 sí 930) kò ní adelé. Takafuji, bàbá ìyá rẹ̀, wá láti ẹ̀ka kékeré. Ṣùgbọ́n lábẹ́ Daigo ni Tokihira ti mú kí wọ́n lé Michizane lọ sí Dazaifu, ibi tó jìnnà sí ààfin, lọ́dún 901, ibẹ̀ ló sì kú sí lọ́dún 903.

Suzaku (930 sí 946) àti Murakami (946 sí 967) jẹ́ ọmọ ìyá kan, Onshi ọmọ Mototsune. Tadahira, arákùnrin Onshi, ni adelé: tótòótó fún méjèèjì, àmọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀ lọ́dún 949, Murakami lo ìyókù láìní kampaku. Reizei (967 sí 969): Anshi ọmọ Morosuke ni ìyá, Saneyori ni kampaku. Ẹ̀gbọ́n Morosuke ni Saneyori, kì í ṣe arákùnrin Anshi, ẹ má fa ìlà. Lọ́dún 969 ni wọ́n lé Minamoto no Takaakira, mínísítà tí kì í ṣe Fujiwara, nílùú, láti ìgbà náà ni oyè adelé kò ti ṣófo mọ́ àfi fún ìgbà díẹ̀. En'yu (969 sí 984) bá Reizei jọ ní ìyá kan. Koretada àti Kanemichi, arákùnrin ìyá rẹ̀, wà lára àwọn adelé rẹ̀, nítorí náà tótòótó. Kazan (984 sí 986) kò ní ìlà: Koretada bàbá ìyá rẹ̀ ti kú, ọmọ Saneyori ló sì ń ṣe kampaku. Ẹ wo bó ṣe parí. Kaneie, àbúrò Kanemichi, tí ọmọ ọmọ rẹ̀ ń dúró de oyè, rán ọmọ rẹ̀ Michikane láti tan Kazan jáde láàfin lóru lọ́dún 986 lọ sí tẹ́ńpìlì, wọ́n fá orí rẹ̀ bíi ti àlùfáà, oyè sì bọ́.

Ichijo (986 sí 1011) ni ọmọ ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ Senshi, bàbá ìyá rẹ̀ Kaneie, sessho rẹ̀ Kaneie. Ìlà tó dán nìyẹn. Nígbà tí Kaneie kú lọ́dún 990, ọmọ rẹ̀ Michitaka jẹ, ó kú lọ́dún 995. Michikane jẹ, ọjọ́ díẹ̀ ló lò kí ikú tó mú òun náà. Korechika ọmọ Michitaka ń retí ipò náà, ṣùgbọ́n Senshi dúró ti àbúrò rẹ̀, Michinaga (966 sí 1028), òun sì ni ọba fi àṣẹ nairan lé lọ́wọ́. Inú òpó karùn-ún, nairan ni kí ẹ kọ sí iwájú Michinaga, kì í ṣe kampaku. Kò jẹ́ kampaku rí láyé rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará ẹ̀yìn rẹ̀ fi oyè yẹn pe ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀.

Sanjo (1011 sí 1016): ìyá rẹ̀ Choshi, ọmọ Kaneie. Arákùnrin Choshi ni Michinaga, nítorí náà tótòótó ni. Ṣùgbọ́n Michinaga ti ní ọmọ ọmọ tirẹ̀ tó ń dúró, kò sì jẹ́ kí Sanjo, tí ojú ń dùn ún, sinmi títí ó fi gbé adé sílẹ̀. Go-Ichijo (1016 sí 1036): Shoshi ọmọ Michinaga ni ìyá, Michinaga ni sessho àkọ́kọ́, ìlà tó dán. Go-Suzaku (1036 sí 1045) bá a jọ ní ìyá kan. Go-Reizei (1045 sí 1068) ni Kishi, ọmọ Michinaga mìíràn, bí. Adelé àwọn méjèèjì ni Yorimichi, arákùnrin àwọn ìyá wọn: tótòótó, tótòótó. Níbí ni èèwọ̀ tí a rí lókè tún ti yọjú: Go-Ichijo fẹ́ Ishi àbúrò ìyá rẹ̀, Go-Suzaku fẹ́ Kishi àbúrò ìyá rẹ̀.

Kí ẹ tó lọ síwájú, ẹ ka ìlà pupa yín. Ìlà tó dán mẹ́ta péré ló yẹ kó wà: Seiwa, Ichijo, Go-Ichijo. Tótòótó méje. Bí tiyín bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wo ìlà Koko àti Reizei, ibẹ̀ ni àṣìṣe sábà máa ń wà. Ó ṣòro púpọ̀ kí gbogbo rẹ̀ tó bọ́ sí i: kí ọmọbìnrin yè, kí ọba fẹ́ ẹ, kó bí ọkùnrin, kí bàbá rẹ̀ sì wà láyé nígbà tí ọmọ bá gorí oyè.

Ìdí tí bàbá ìyá fi lágbára tó bẹ́ẹ̀

Bí ẹ bá ń fi àtẹ yìí kọ́ èèyàn, ìbéèrè yìí ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín, torí nílẹ̀ wa ilé bàbá ni ọmọ ń jẹ́. Láàárín àwọn ọlọ́lá ìgbà náà, tí wọ́n ń pè ní ìgbà Heian, ilé ìyàwó ni ọkọ sábà máa ń lọ, ibẹ̀ ni ọmọ ti ń dàgbà. Olorì tó bá lóyún á kúrò láàfin lọ bímọ nílé bàbá rẹ̀. Nígbà tí Shoshi bí ọmọ tó padà di Go-Ichijo lọ́dún 1008, ilé Michinaga ní Tsuchimikado ló bí i sí. Murasaki Shikibu, tó ń sin Shoshi, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ náà tọ̀ sí Michinaga lára, Michinaga bọ́ aṣọ, ó ń yá a níná, inú rẹ̀ sì dùn dọ́ba. Ọba tí ẹ gbé jó báyìí, kò ní rọrùn fún un láti kọ̀ yín lẹ́nu lọ́la.

Ohun tí agbára yẹn ń mú wọlé ni ẹ ó kọ sí ẹ̀gbẹ́ òpó karùn-ún. Adelé ló ń pinnu ẹni tí yóò lọ ṣe gómìnà ìgbèríko, ipò yẹn sì ń mówó wá. Nígbà tí ilé Tsuchimikado jóná lọ́dún 1016, àwọn gómìnà ni wọ́n pín kíkọ́ rẹ̀ fún, yàrá sí yàrá. Ẹnì kan nínú wọn, Minamoto no Yorimitsu, dá gbogbo ohun èlò inú ilé gbé wá. Èkejì ni shoen, ilẹ̀ oko tí kò san owó orí: onílẹ̀ kékeré á fi ilẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ orúkọ ẹni ńlá láàfin kí òṣìṣẹ́ ìjọba má baà dé ibẹ̀, á sì máa fún un nínú ìkórè.

Ẹ fi 1018 sí ìlà Go-Ichijo pẹ̀lú àmì kan. Lọ́dún yẹn ni Ishi di ayaba, tí ọmọ Michinaga mẹ́ta fi wà ní ipò ayaba lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi àsè, ó kéwì pé ayé yìí, ti òun ni, bí òṣùpá àrànmọ́jú tí kò sí ibi tó ti fá. Ó ní kí Fujiwara no Sanesuke, ọlọ́lá kan níbẹ̀, fi ewì dá òun lóhùn. Sanesuke kò ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní kí gbogbo àwọn tó jókòó jọ tún ewì náà kà. Inú ìwé Sanesuke la ti rí ọ̀rọ̀ ewì náà. Michinaga fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé òun kéwì, kò kọ ohun tí òun sọ.

Ibi tí ìlà pupa ti já

Go-Sanjo (1068 sí 1073). Ìyá rẹ̀ ni Ọmọọba Teishi, bàbá ìyá rẹ̀ ni Ọba Sanjo, ẹni tí Michinaga tì kúrò lórí oyè. Yorimichi ti fi nǹkan bí àádọ́ta ọdún ṣe adelé. Ó fi ọmọ àti ọmọ àgbàtọ́ sí ààfin, àbúrò rẹ̀ Norimichi náà fi ọmọ síbẹ̀, kò sí èyí tó bí ọmọkùnrin tó gorí oyè. Ogun kọ́ ló lé wọn. Tẹ́ńpìlì Byodo-in tí Yorimichi kọ́ sí Uji, tí gbọ̀ngàn rẹ̀ parí lọ́dún 1053, ṣì dúró di òní, ó sì wà lára owó ẹyọ yen mẹ́wàá. Àmọ́ ọba tó wọlé lọ́dún 1068 ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, kò sì jẹ Fujiwara ní gbèsè ìyá. Ní 1069, ó dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ láti yẹ ìwé ilẹ̀ shoen wò, ó sì fagi lé èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́yìn 1045. Ìwé ilẹ̀ Fujiwara náà kò sì yọ sílẹ̀.

Shirakawa (1073 sí 1087): ìyá rẹ̀ Moshi jẹ́ ọmọ àgbàtọ́ Yoshinobu, arákùnrin Yorimichi tó ti gbè sẹ́yìn Go-Sanjo. Kò sí ìlà. Ìwé kan á sọ pé 1086 ló gbé adé sílẹ̀, òmíràn á ní 1087. Méjèèjì tọ̀nà: ìparí ọdún lórí kàlẹ́ńdà òṣùpá wọn ni, èyí tó ti bọ́ sí oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e níbòmíràn. Ohun kan náà ló fà á tí ẹ ó fi rí 1027 níbi ikú Michinaga nínú àwọn ìwé kan. Shirakawa gbé adé sílẹ̀ lóòótọ́, kò gbé agbára sílẹ̀. Bàbá ọba ló wá ń ṣe ohun tí bàbá ìyá ọba ń ṣe tẹ́lẹ̀, títí ó fi kú lọ́dún 1129.

Ìlà Horikawa (1087 sí 1107) ló ń tan èèyàn. Kenshi ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Morozane, ọmọ Yorimichi, nínú ìwé, Morozane sì ni sessho, ṣùgbọ́n Minamoto no Akifusa ló bí Kenshi. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìyẹn, ẹ má fi pupa. Nígbà tí Toba jọba lọ́dún 1107, arákùnrin ìyá rẹ̀, Fujiwara no Kinzane, ní kí wọ́n fi òun ṣe sessho bí àṣà. Shirakawa fi Tadazane, ọmọ ọmọ Morozane, sí i, ẹni tí kò bá ọba tan lọ́dọ̀ ìyá. Láti ọjọ́ yẹn, oyè adelé di ohun tí bàbá ń fi sílẹ̀ fún ọmọ, agbára inú rẹ̀ sì ti lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Apá ìsàlẹ̀

Níbí ẹ lè yára. Lọ́dún 1156, àwọn ọmọ Tadazane méjì, Tadamichi àti Yorinaga, wà ní ìhà méjì nínú ìjà ààfin, ọfà ló pa Yorinaga. Àwọn jagunjagun tí wọ́n pè wá gbèjà kò padà sílé mọ́, ọwọ́ wọn ni agbára bọ́ sí. Láti ara Tadamichi, ìdílé náà pín sí márùn-ún: Konoe, Kujo, Nijo, Ichijo, Takatsukasa. Wọ́n ń gba oyè náà láàárín ara wọn láìsí àṣẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Orúkọ ilé tuntun yìí kì í gba "no" láàárín: Fujiwara no Michinaga, ṣùgbọ́n Konoe Sakihisa. Ẹ má sì fa ìlà láti ibí lọ sí Fujiwara ti Hiraizumi ní àríwá, àwọn tó kọ́ gbọ̀ngàn wúrà Chusonji lọ́dún 1124 tí ogun sì pa run lọ́dún 1189. Wọn kò sí lára ìlà adelé.

Lọ́dún 1585, Nijo àti Konoe ń jà sí oyè kampaku, Toyotomi Hideyoshi, olórí ogun tí ìdílé rẹ̀ kò ní orúkọ kankan, di ọmọ àgbàtọ́ Konoe Sakihisa, ó sì gbà á. Ẹ fi bírò dúdú kọ ọ́ sábẹ́ Konoe. Oyè náà padà sọ́wọ́ àwọn ilé márùn-ún lọ́dún 1600, Nijo Nariyuki ló sì jẹ ẹ́ kẹ́yìn kí wọ́n tó fagi lé e ní oṣù kìíní ọdún 1868. Bí àyè bá ṣẹ́ kù, ẹ kọ Konoe Fumimaro sí abẹ́ ilé Konoe: òun ni olórí ìjọba Japan láti 1937 sí 1939 àti láti 1940 sí 1941. Oyè ọlọ́lá tí òfin 1884 fún ilé márààrún kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún 1947.